Wáyà Tí Mo Lẹ̀ Mọ́ Irun Alhaja

Ẹ̀yin ọmọ Alhaja Muslimah, ohun tí mo fi pa mọ́ láti oṣù keje kò ṣeé gbé mì mọ́. Ìyá yín mọ̀ yín. Irọ́ ni mo pa.

Èmi ni Tiwaladé, tó ń lẹ wáyà mọ́ àwọn aláìsàn lára ní ilé àyẹ̀wò yẹn ní Ring Road. Nígbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ dá ìyá yín dùbúlẹ̀, tí wọn ò lè sọ̀rọ̀, tí ojú wọn ò mira, ẹ gbé wọn wá kí a lè mọ̀ bóyá wọ́n ṣì ń dá èèyàn mọ̀. Àwòrán ẹbí la máa ń fi han aláìsàn. Wáyà orí á máa gba ìṣe ọpọlọ; wáyà ojú á máa gba ìṣe iṣan tí a fi ń rẹ́rìn-ín àti èyí tí a fi ń fajúro, títí kan èyí tí ojú lásán ò lè rí.

Ìyá yín dirun. Ó yẹ kí n tú u, kí wáyà lè kan awọ orí. Ṣùgbọ́n ìwé ìtàn tí mo yá wà nínú báàgì mi, obìnrin inú rẹ̀ sì fẹ́ sá kúrò nílé ọkọ. Mo lẹ wáyà lé orí irun, mo jókòó tì wọ́n, mo ń kàwé. Ẹni tí kò sí láyé ni mo ń ṣàánú, mo kẹ̀yìn sí ẹni tó wà níwájú mi.

Nígbà tí mo gbójú sókè wo kọ̀ǹpútà, ìlà ọpọlọ kò yàtọ̀ láti àwòrán kan dé èkejì. Ṣùgbọ́n ìlà ẹ̀rín ń dìde nígbàkúùgbà tí àwòrán Mujeeb, ọmọ wọn ọkùnrin, bá yọ.

Yọ̀mí tí a jọ ń ṣiṣẹ́ rí i. Ó ní, “Ọpọlọ ò dáhùn, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ń dáhùn? Ta ló rán ẹ̀rẹ̀kẹ́ níṣẹ́? Tiwa, lọ tú irun màmá yẹn, jàre.”

Mo ní mo gbọ́. Ṣùgbọ́n dókítà ti bá mi wí lẹ́ẹ̀mejì nítorí ìwé kíkà; bí mo bá tún àyẹ̀wò náà ṣe, wọ́n á mọ̀ pé mo tún kàwé. Bí Yọ̀mí ṣe jáde, mo pa ìlà ẹ̀rín rẹ́, mo fi ti aláìsàn mìíràn tí kò mira rọ́pò, kí ojú àti ọpọlọ lè bára mu. Dókítà gbà mí gbọ́, wọ́n fọwọ́ sí èsì náà.

Mujeeb wọlé, ó ní, “Àǹtí, ẹ má tàn wá. Ṣé Màmá mọ̀ wá?”

Mo ní, “Rárá, sà.”

Àbúrò rẹ̀, Àbẹ̀ḿbí, ní, “Bùọ̀dá mi, kí la wá ń bá wọn sọ̀rọ̀ sí? Ẹ jẹ́ ká gbé wọn sí yàrá ẹ̀yìn nílé wa ní Olúyọ̀lé. Wọn ò kúkú mọ ibi tí wọ́n wà.”

Wáyà ṣì wà lójú ìyá yín. Mo rí ìlà ìfajúro tó fò sókè lórí kọ̀ǹpútà. Mo pa kọ̀ǹpútà náà.

Mo ti jẹ́wọ́ fún dókítà, wọ́n sì ti lé mi. Mo tọrọ àforíjì, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí tèmi dúró ná. Ẹ wọ yàrá ẹ̀yìn yẹn, ẹ jókòó síbi tí wọ́n ti lè rí yín, ẹ kí wọn. Ojú wọn ò ní yí padà. Ẹ má torí ìyẹn dìde.