Ìlà Tí Mo Fò Nínú Ìwé Ìsédò

Lánàá ni ìyá tó bí ìyá mi tú ẹrù rẹ̀, lẹ́yìn oṣù méje tó ti dé ọ̀dọ̀ mi ní Ajégúnlẹ̀. Ó yẹ kí inú mi dùn. Ṣùgbọ́n kò dùn rárá. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ mi, ẹnu mi tí gbogbo ènìyàn ń sọ pé kì í ṣí, òun ni mo fi lé arúgbó kúrò nínú ilé rẹ̀. Èyí tó burú jù ni pé ó ti pẹ́ tí mo ti mọ òtítọ́, mo sì gbé e mì.

Abúlé Ìyá Àgbà wà nísàlẹ̀ ìsédò kan, ògiri gàgàrà tí ìjọba fi sé odò kí wọ́n lè máa fi agbára omi pèsè iná mànàmáná. Wọ́n ti kọ́ ọ kí wọ́n tó bí màmá mi. Wáyà ńlá gba orí òrùlé wọn kọjá lọ sí ìlú àwọn ẹlòmíràn. Àtùpà ni àwọn ará abúlé ń tàn. Lọ́dún tó kọjá, àwọn òṣìṣẹ́ wá yẹ ìsédò náà wò, wọ́n sì lẹ ìwé mọ́ ara ilé ẹ̀kọ́ abúlé. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́. Ọmọ aládùúgbò kan ya fọ́tò rẹ̀, ó fi ránṣẹ́ sórí fóònù mi, Ìyá Àgbà sì pè mí. "Àkànní, ìwọ lo kàwé nínú wa. Kí ni wọ́n wí?"

Ẹ ò lè mọ bí ìbéèrè yẹn ṣe dùn mọ́ mi tó! Mo jáde girama, mi ò rí ọ̀nà tẹ̀ síwájú; ọgbà ọkọ̀ akẹ́rù kan ní Creek Road ni mo ti ń kọ nọ́ńbà ọkọ̀ tó wọlé àtèyí tó jáde. Láti ìgbà tí màmá mi ti kú, ọjọ́ mìíràn wà tí ẹnikẹ́ni kì í pe orúkọ mi láti àárọ̀ dalẹ́. Ojú mi kì í sábà fo nǹkan kékeré. Mo máa ń mọ awakọ̀ tó pààrọ̀ okùn bàtà. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, mo fo ìlà kan. Ìlà kìíní sọ pé ara ìsédò ti ń gbó, ó ń fẹ́ àtúnṣe, àmọ́ ó ṣì dúró dáadáa. Ìlà kejì ní ìpele ewu rẹ̀ ga. Ewu nìkan ni mo rí. Mo ní, "Màmá, wọ́n ní ewu ńlá ni o. Ẹ máa bọ̀ lọ́dọ̀ mi." Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tó fi dé.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mo fi ìwé náà han Bàbá Ganíyù tó ń tọ́jú jẹnẹrétọ̀ ọgbà wa. Ó ti ṣiṣẹ́ nídìí ìsédò fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó fẹ̀yìn tì. Ó kà á tán, ó wò mí láti òkè délẹ̀.

"Ta ló sọ fún ọ pé ó fẹ́ wó? Àwọn tó ń gbé nísàlẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n fi ń mọ ìpele ewu, kì í ṣe ògiri. Bí wọ́n tilẹ̀ kọ́ ọ lánàá, tí abúlé bá wà nísàlẹ̀, ewu rẹ̀ ga. Bí òmíràn ti sán bí ìkòkò àlòkù, tó jẹ́ igbó nìkan ló wà níbẹ̀, ewu rẹ̀ kéré. Ohun tó máa ṣègbé bó bá wó ni wọ́n ń wò."

Mo ní, "Bàbá, mo ti ní kí ìyá wa kó wá."

Ẹ̀rín pa á. "Ọmọ yìí! Ìwọ tí a kì í gbọ́ ohùn rẹ, ọjọ́ kan ṣoṣo tí o la ẹnu, arúgbó lo lé jáde nílé! Tètè lọ sọ fún un jàre."

Mo délé pẹ̀lú ìpinnu pé màá sọ ọ́. Ìyá Àgbà ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń retí mi. "Àkànní, ọkọ mi, o kú iṣẹ́ o." Ó ti bu oúnjẹ mi, ó ti fi àwo bò ó. Mo ṣí i, mo jẹun, mo sì sùn láìsọ ọ́. Lọ́jọ́ kejì bẹ́ẹ̀, lọ́jọ́ kẹta bẹ́ẹ̀. Mò ń sọ fún ara mi pé ìsédò náà sá ti gbó lóòótọ́, ta ló mọ̀la? Ẹ̀tàn ni. Ohun tí Bàbá Ganíyù sọ ni mò ń rò. Kí Ìyá Àgbà tó dé, bí wọ́n bá ní kí wọ́n wọn ewu tèmi, ì bá kéré gan-an: bí mo bá wó, ta ni yóò kàn? Ní báyìí ẹnìkan wà tí yóò kàn. Mi ò fẹ́ kó lọ.

Àmọ́ mò ń rí i. Àwọn ará ilé wa á kí i pé, "Mama, how body?" Yóò máa rẹ́rìn-ín sí wọn títí wọn ó fi wọlé. Ó ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ ń dun òun nítorí ẹ̀rín tí òun ń rín sí ohun tí kò yé òun. Nígbà tí òjò ńlá rọ̀, omi gọ́tà wọ yàrá wa dé ọrùn ẹsẹ̀. Ó gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì, ó ní, "Hẹ̀ẹ́n, omi tí mo sá fún ti béèrè ilé mi títí ó fi rí mi." A jọ rẹ́rìn-ín. Nígbà tó kọjú sí ògiri, mo rí i tí èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Àjò kì í dùn kí onílé má relé. Ṣé èmi ni ó yẹ kí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ máa sọ bẹ́ẹ̀ fún?

Lánàá ni ọmọ àbúrò ọkọ rẹ̀ pè láti abúlé. Ó fẹ́ ṣí páànù àti ilẹ̀kùn ilé Ìyá Àgbà fi parí tirẹ̀, ó ní kí wọ́n má kàn bàjẹ́ lásán. Ó ń bọ̀ l'Ékòó ní Sátidé, yóò gba kọ́kọ́rọ́. Ibojì bàbá àgbà mi wà lẹ́yìn ilé yẹn. Ìyá Àgbà ní kí n kọ́kọ́ tún ìwé náà kà fún òun. "Bó bá ṣì jẹ́ ohun tí wọ́n wí nìyẹn, kó máa ṣí i."

Mo ṣí fóònù. Mo ka ìlà kejì, mo sì tún fo èkínní. Lọ́tẹ̀ yìí, mo mọ ohun tí mò ń ṣe.

Ó tú kọ́kọ́rọ́ tó ti so mọ́ etí ìró rẹ̀ láti ọjọ́ tó ti dé, ó fi lé mi lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà ló fa àpò rẹ̀ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó ń to aṣọ rẹ̀ sínú àpótí mi lọ́kọ̀ọ̀kan.

Kọ́kọ́rọ́ náà rèé lápò mi bí mo ṣe ń kọ èyí. Ọjọ́rú la wà. Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa ń bá a, ṣùgbọ́n ní tèmi, Sátidé ni wọ́n máa ṣí páànù ilé Ìyá Àgbà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ọ̀rọ̀ kì í wúwo lẹ́nu yín, kí ni kí n fi bẹ̀rẹ̀? Gbólóhùn àkọ́kọ́ nìkan ni mò ń wá.