Fìtílà Bébà

Ní ibùdókọ̀ ojú irin Upney, nílùú òyìnbó, mo gbọ́ tí ìyá àgbà kan àti ọmọ rẹ̀ obìnrin ń jiyàn níwájú mi.

"Kí àwọn ọmọdé gbé fìtílà bébà, kí wọ́n máa kọrin yí ọgbà ilé ìwé ká? Ta ni wọ́n ń bọ?"

"Mọ́mì, ẹ̀yin tí ẹ ń tan àbẹ́là ní ṣọ́ọ̀ṣì, ta lẹ ń bọ?"

"Ọlọ́run ni!"

"Wọn ò bọ ẹnì kankan jàre. Bí òtútù bá ti ń wọlé, tí ilẹ̀ sì ń tètè ṣú, wọ́n á fọwọ́ ara wọn ṣe fìtílà, kí wọ́n má baà máa bẹ̀rù òkùnkùn. Ọmọ-ọmọ yín ní ẹ̀yin lòun fẹ́ bá rìn."

Ohùn ìyá náà wálẹ̀.

"Láti ìgbà tí mo ti dé ìlú yìí, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni mo ti ń fa kọ́tìnì nígbà òtútù. Mi ò lè wo òkùnkùn yẹn. Sọ fún un kó ṣe tèmi náà."