Àwókù Ilé Tí Mo Dà Sí Pálọ̀ Àbúrò Mi

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ mi yìí, ọmọ tí mo fi ọwọ́ ara mi tọ́ ṣe ìgbéyàwó lóṣù mẹ́ta sẹ́yìn, ilé ni mo jókòó sí. Wọn ò pè mí. Mo pe fóònù rẹ̀ títí, kò gbé e. Bẹ́ẹ̀ láti ọmọ ọdún mẹ́rin ló ti wà lọ́dọ̀ mi níbí, ní Ìjẹ̀bú-Òde, nígbà tí ìyá rẹ̀, àbúrò mi obìnrin, ń ṣòwò l'Ékòó. Adétọ́ún lorúkọ rẹ̀. Mọ́mì Ìjẹ̀bú ló ń pè mí. Ìyá tó bí i, Mọ́mì Èkó. Ṣé irú èyí kò ju ẹkún lọ?

Ilé tí bàbá wa fi sílẹ̀ ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Èmi ń gbé apá ọ̀tún, apá òsì jẹ́ ti àbúrò mi. Lọ́dún tó kọjá ló ní òun fẹ́ tún tòun ṣe, torí àwọn àna Tọ́ún máa wá láti Ayépé fún mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́, ojú ò sì gbọdọ̀ ti òun. Ó dára. Àwọn birikilà dé, wọ́n wó ògiri, wọ́n ká páànù àtijọ́, wọ́n fọ́ ilẹ̀, wọ́n fi táìsì funfun sí i. Ibo lẹ rò pé wọ́n ń kó gbogbo àwókù yẹn sí? Ọ̀dọ̀ mi ni! Orí ebè ewúro àti gbúre tí mo fi ń najú láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì níbi iṣẹ́ tíṣà. Nígbà tí wọ́n parí, wọ́n kó irinṣẹ́ wọn lọ, wọ́n fi òkìtì sílẹ̀ fún mi: àfọ́kù búlọ́ọ̀kù, páànù tó ti dógùn-ún, pákó tí ìṣó kún ara rẹ̀, àpò sìmẹ́ǹtì tí òjò ti sọ di òkúta.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ń fi bàsíà kó o. Bí mo bá kó tòní, àfi bíi pé òkìtì náà ń bímọ. Eruku wọ ìkòkò ọbẹ̀ mi, àfọ́kù táìsì gé mi lọ́wọ́. Ọjọ́ tí ìṣó gún sílípáàsì mi já dé àtẹ́lẹsẹ̀, tí mo gba abẹ́rẹ́ lọ́sibítù bọ̀, ni mo pe àbúrò mi. Mo rò pé yóò ní ẹ pẹ̀lẹ́. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, birikilà ló ní òun máa padà wá kó o. Ṣé ẹ ò kàn lè máa ṣà á díẹ̀díẹ̀ ni? Ẹ ò kúkú níṣẹ́ kankan mọ́." Háà! Èmi tí mo bá a tọ́mọ! Mo gbé fóònù kalẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọjọ́ tí àwọn àna máa dé.

Ọwọ́ mi ni kọ́kọ́rọ́ apá tirẹ̀ wà, torí Èkó ló ṣì ń gbé. Nígbà tó ku ọ̀la kí àwọn àna dé, mo pe alábàárù méjì pẹ̀lú báárò àti ṣọ́bìrì. Mo ṣílẹ̀kùn pálọ̀ tuntun náà, mo ní, "Ẹ da gbogbo rẹ̀ síbí." Ọ̀kan nínú wọn wò mí, ó ní, "Màámi, orí táìsì yìí?" Mo ní, "Orí rẹ̀ gan-an." Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́: ó dùn mọ́ mi. Bí búlọ́ọ̀kù ṣe ń dún gbì, gbì, lórí ilẹ̀ tó ń dán yẹn, àfi bíi pé wọ́n ń da omi tútù sí mi lọ́kàn. Èmi fúnra mi ni mo da àpò eruku tó kẹ́yìn sórí àga rẹ̀. Mo tilẹ̀kùn.

Lọ́jọ́ kejì, mo po tíì, mo gbé àga síta, mo ń retí igbe àbúrò mi. Àṣé Tọ́ún ló máa kọ́kọ́ dé, láti Abẹ́òkúta níbi tó ti ń ṣiṣẹ́, tòun ti léèsì lọ́rùn. Ó kúnlẹ̀ kí mi, kí n tó rí ohun tí mo máa fi dá a dúró, ó ti gba kọ́kọ́rọ́, ó ti wọlé. Nígbà tí mo yọjú, ó ti ká aṣọ sókè, ó ń fi ọwọ́ lásán ṣa àfọ́kù, ẹ̀jẹ̀ ń kán láti ìka rẹ̀ sára léèsì. Mo ní, "Tọ́ún, fi í sílẹ̀! Ìyá rẹ ni mo ṣe é fún!" Kò gbójú sókè. Ó ní, "Mọ́mì Ìjẹ̀bú, èmi lẹ dà á lé lórí."

Ìyá rẹ̀ dé, ó kígbe, ó wólẹ̀ lórí eékún, ó ń gbálẹ̀. Ibẹ̀ ni àwọn àna bá wọn. Abẹ́ igi máńgòrò aládùúgbò ni wọ́n fún àwọn àgbààgbà Ayépé ní ìjókòó. Ìyá ọkọ béèrè pé ta ló ṣe irú èyí. Tọ́ún ló dáhùn, ó ní àwọn birikilà ni. Ó bò mí láṣìírí, kò sì bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ láti ọjọ́ náà.

Ẹni da eérú ni eérú ń tọ̀, àwọn àgbà ò purọ́. Àbúrò mi ti ránṣẹ́ pé bí mo bá fẹ́ fojú kan Tọ́ún, kí n kọ́kọ́ wá kúnlẹ̀ fún òun níwájú ẹbí. Èmi ẹ̀gbọ́n! Fún ẹni tí kò tíì kí mi kú ìrora ẹsẹ̀ mi dòní! Ọmọ náà, mo lè kúnlẹ̀ fún un lójú títì. Ṣùgbọ́n ti ìyá rẹ̀, bí mo bá rántí bó ṣe ń rá kiri nínú eruku yẹn, ẹ̀rín ṣì máa ń pa mí kí ẹkún tó dé. Báwo ni ẹni tí inú rẹ̀ ṣì ń dùn sí ohun tó ṣe ṣe máa ń tọrọ àforíjì? Ẹ gbà mí nímọ̀ràn, ẹ má sì jẹ́ kó pẹ́. Wọ́n ní Tọ́ún ti lóyún.