Ẹkún Ọba Inú Eré

Nínú ọkọ̀ tó ń ti Òde-Ayé lọ Okitipupa, mo gbọ́ tọkọtaya aláṣọ funfun kan lẹ́yìn mi. Nínú eré ìjọ wọn, ọkọ ni ọba tó búra pé òun kò ní ṣí ibodè fún ẹnikẹ́ni, tí ọmọ rẹ̀ fi kú síta.

"Ẹ sunkún gan-an lánàá," ni ìyàwó wí.

"Ọba yẹn ń ṣe mí láàánú. Tó bá ṣí ibodè, ó di èké. Tí kò bá ṣí i, ọmọ lọ."

"Àwa ńkọ́? Nígbà tí ara ọmọ wa ń gbóná, mo ní ká lọ ọsibítù. Ẹ ní ẹ ti jẹ́jẹ̀ẹ́ níwájú pẹpẹ, pé omi àdúrà nìkan ni. Nígbà tí a sin ín, ẹ ní n ò gbọdọ̀ sunkún, pé aláìgbàgbọ́ ló ń sunkún."

"Ìyá, àwọn èèyàn ń gbọ́."

"Kí wọ́n gbọ́. Ẹkún ọmọ mi lẹ gbé fún ọmọ ọba."

Ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í pe orúkọ ọmọ wọn tó kú kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Ó ti pẹ́ jù," ni ìyàwó wí. "Ẹ máa sunkún tọba lọ."