Sinimá Tó Dá Fìdáù Súlè Dúró

Nígbà tí ojú mi ṣì ń dán, tí mò ń yan ẹja létí ọ̀sà Ẹ̀pẹ́ níbí, sinimá kì í ṣe ohun tí èèyàn ń kì bọ àpò bíi tiyín yìí. Mọ́tò ló ń gbé e wá.

Súlè ọkọ mi ti lọ sógun Bọ́mà. A ò tíì bímọ. Ogun parí, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ dé, òun ò dé. Kò sí òkú, kò sí ìròyìn. Ìyá ọkọ mi ní, “Ẹ má ṣe fìdáù fọ́mọ mi. Ta ló rí òkú ẹ̀?”

Ẹ gbọ́, àdúà òkú yẹn lèmi náà ń dúró dè o! Láìṣe é, n kì í ṣe opó, n kì í ṣe ìyàwó. Ráfíù tó ń tukọ̀ lọ sí Ìkòròdú fẹ́ fi mí ṣaya, ó ní òun á dúró. Ọdún ń gorí ọdún... Àlùfáà bẹ Ìyá títí, wọ́n gbà. A rẹ ẹ̀wà àkàrà fìdáù sílẹ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ yẹn gan-an ni sinimá dé. Wọ́n fi aṣọ dí fèrèsé ilé ìwé. Ìyá ní kí n sin àwọn lọ.

Ogun ni wọ́n ń jà nínú ẹ̀. Àwọn jagunjagun díẹ̀ báyìí, ebi ti lù wọ́n bolẹ̀, wọ́n ń gbé àwọn tó fara gbọgbẹ́ gun òkè. Àwọn obìnrin tó sá nílé ń tẹ̀ lé wọn tọmọtọmọ. Ọ̀tá pọ̀ lẹ́yìn wọn, ó pọ̀ jù! Àwọn èèyàn wa tó ń wòran ń kígbe pé, “Ẹ gbé wọn jù sílẹ̀, ẹ sá!” Wọn ò gbé wọn jù sílẹ̀. Bí ọ̀kan ṣe ń kú ni òmíràn ń gba ẹrù ẹ̀.

Ọ̀kan wà tí wọ́n fi báńdéèjì wé gbogbo ojú ẹ̀. Ó na ọwọ́ òsì gba omi. Ni Ìyá bá dìde. “Súlè! Súlè, ọlọ́wọ́ òsì mi!”

Mo ní, “Ìyá, òyìnbó ni. Ẹ wo bó ṣe funfun.”

“Ṣé kì í ṣe gbogbo wọn ló ń funfun nínú sinimá ni?”

Ẹni tó ni ẹ̀rọ rẹ́rìn-ín, ó ní eré ni. A délé, Ìyá da ẹ̀wà yẹn sínú ọ̀sà. Àlùfáà mi orí. “Ìyá ọmọ ní ọmọ òun wà láàyè. Ta ni màá ṣàdúà òkú fún?”

Ráfíù gbéyàwó sí Ìkòròdú. Kò bínú. Ó kàn ní, “Àríkẹ́, ó ti sú mi.” Ó sú èmi náà, àmọ́ ibo ni mo fẹ́ lọ?

Ọjọ́ tí Ìyá máa kú, wọ́n di ọwọ́ mi mú. “Má lọ o. Wọ́n ṣì ń gbé e bọ̀. Òkè yẹn ló ga.”

Ẹ̀yin ọmọ àbúrò mi, ẹ̀ ń wo ogun nínú fóònù, ẹ̀ ń jẹ gúgúrú... Ẹ máa wò ó. Lọ́jọ́ tí mo bá kú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún Àlùfáà kó pe orúkọ Súlè mọ́ tèmi. Kò sẹ́lòmíì tó tún mọ̀ ọ́n mọ́.