Ọmọ Tó Kúnlẹ̀ Lápá Òsì

Orí bẹ́ńṣì ọsibítù kan ní Ìgàndó, níbi tá a ti ń dúró de dókítà, ni mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ ìyá àgbà kan àti àbúrò rẹ̀ obìnrin.

"Ojú ọkọ mi ò fọ́. Dókítà ní rọpárọsẹ̀ yẹn ló ba ọpọlọ wọn jẹ́ lókè, lẹ́yìn àtàrí, lápá ọ̀tún. Ibẹ̀ ló ń jẹ́ kéèyàn mọ ibi tí nǹkan wà, kó sì mọ̀ tí nǹkan bá kàn án lára."

"Ìyẹn ni wọ́n ṣe ń jẹ oúnjẹ ku ìdajì?"

"Apá ọ̀tún abọ́ nìkan ni wọ́n ń jẹ. Wọn ò mọ̀ pé òsì wà mọ́. Lánàá, wọ́n wo ọwọ́ òsì ara wọn, wọ́n ní, 'Ta ló gbàgbé ọwọ́ síbí?'"

Àbúrò rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó wá béèrè pé:

"Ẹ̀gbọ́n mi, apá ibo lọmọ yín kúnlẹ̀ sí, nígbà tó wá bẹ̀ wọ́n lẹ́yìn àìsàn yìí nítorí ọkọ tó fẹ́ láìgbàṣẹ?"



"Òsì ni. Ó di ẹsẹ̀ òsì wọn mú, ó ń sunkún, wọn ò wo ibẹ̀ rárá. Èmi ni mo ní kó máa lọ, pé bàbá rẹ̀ ò tíì dárí jì í. Kò gbé fóònù mi mọ́."

"Ẹ tún pè é, jàre."

"Àtìgbà náà ni wọ́n ti ń bi mí lálaalẹ́ pé, 'Ṣé ọmọ yẹn ò ní wá wò mí ni?' Mo ṣá rò pé wọ́n ń fi ẹ̀gàn sọ ọ́ ni."