Mo Dáhùn Orúkọ Agbẹ̀bí Tí Kò Sí Nílé

Ẹ̀rù ń bà mí. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́, kí n má baà máa fi ọ̀rọ̀ yípo. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti kéde pé àwọn tó ń ka òṣìṣẹ́ ìlera yóò tún dé ọ̀dọ̀ wa ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta òní, n kò jókòó síwájú ilé mọ́. Bí mọ́tò bá dún lójú títì, mà á sáré gba ẹ̀yìnkùlé lọ. Èmi tí gbogbo abúlé mọ̀ sí ẹlẹ́nu mímú, èmi tí mo máa ń bú ọkùnrin tó bá pẹ́ kó tó gbé ìyàwó rẹ̀ tó ń rọbí dé, n kò lè gbójú sókè wo ẹnikẹ́ni mọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí ni mo fi ọ̀rọ̀ mi lọ̀, nítorí kò sí ẹni tí mo lè sọ ọ́ fún nílé tí ọwọ́ tirẹ̀ náà kò sí nínú rẹ̀.

Ilé ìgbẹ̀bí kékeré kan ni mo ti ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ Ifangni níhìn-ín, lójú ọ̀nà Banigbé. Bẹ́ẹ̀dì mẹ́rin ló wà níbẹ̀. Èmi kì í ṣe agbẹ̀bí o. Iṣẹ́ tèmi ni kí n se àwọn ohun èlò nínú omi gbígbóná, kí n fọ aṣọ ẹlẹ́jẹ̀, kí n gbálẹ̀, kí n sì gbé abọ́ dání fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́. Tántì Kolẹ́tì ni agbẹ̀bí wa, obìnrin tó kàwé, tó dàgbà jù mí lọ díẹ̀. Nígbà tí ọkọ mi kú tó fi èmi àti Ramátù ọmọ mi kan ṣoṣo sílẹ̀, òun ló bá mi sọ̀rọ̀ tí mo fi rí iṣẹ́ yìí. Òun ló kọ́ mi bí a ṣe ń fọwọ́ wo ikùn aboyún. Ó ní orí ọmọ le bí àgbọn, ìdí rẹ̀ sì rọ̀, kí n má ṣe gbàgbé. Mo fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀. Gbogbo ọjọ́ Ajé ni mo máa ń fọ bùlúùsì rẹ̀, aṣọ funfun tó máa ń wọ̀ ṣiṣẹ́, mà á fi sítáàṣì ẹ̀gẹ́ sí i kó lè gan, mà á sì sá a sórí okùn tó kọjú sí títì.

Níbi okùn yẹn ló ti wá bá mi lọ́jọ́ kan. Ó ní, “Màmá Ramátù, mo fẹ́ lọ wo ẹ̀gbọ́n mi ní Ìdírókò. Bọ̀n, tó bá di ọjà kejì, mo ti dé. Bùlúùsì mi, má jẹ́ kó kúrò lórí okùn. Ẹni tó bá ń kọjá, kó máa rò pé mo wà.” Ó gbé agbọ̀n kan rù bí ẹni tó ń lọ sọ́jà, ó sì gba bodè Igolo kọjá sí Nàìjíríà. Ọjà kejì dé, kò dé. Oṣù kẹta, kò dé. A wá gbọ́ pé ó ti ríṣẹ́ sí ilé ìwòsàn kan lọ́hùn-ún, níbi tí wọn kì í ti í dúró de òwú àti abẹ́rẹ́. N kò ṣépè fún un. Ta ni kò mọ ibi tó dára? Ṣùgbọ́n ẹ wo ìwà òmùgọ̀ mi: gbogbo ọjọ́ Ajé ni mo ṣì ń fi ọṣẹ fọ aṣọ tí kò dọ̀tí, tí mo ń sá a sórí okùn. Ẹ fi mí rẹ́rìn-ín bó bá wù yín.

Ọkùnrin tó jẹ́ olórí wa, nọ́ọ̀sì tí gbogbo wa ń pè ní Májò, mọ̀ pé obìnrin yìí ti lọ. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, àmọ́ ìbẹ̀rù tirẹ̀ ju tèmi lọ. Ẹ̀yin náà mọ bí ayé ṣe rí láti ìgbà tí ìjọba ti ní kí gbogbo wa máa pe ara wa ní kámárádì. Òṣìṣẹ́ ìjọba tó bá gba bodè lọ láìtọrọ àyè, ọ̀dàlẹ̀ ni wọ́n ń pè é, wọ́n á sì bi àwọn tó fi sílẹ̀ pé níbo ni wọ́n wà nígbà tó ń lọ. Wọ́n ti pe ọ̀rẹ́ Májò kan lẹ́jọ́ bẹ́ẹ̀ rí. Nígbà tí ọkùnrin náà padà dé, kò sọ̀rọ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Nítorí náà Májò kò kọ̀wé sí ẹnikẹ́ni, ó ń retí kí Tántì Kolẹ́tì padà wá.

Ọdún mẹ́rin sẹ́yìn ni wọ́n kọ́kọ́ wá kà wá. Wọ́n ní láti Porto-Novo ni wọ́n ti ń bọ̀, pé wọ́n fẹ́ mọ iye òṣìṣẹ́ tó wà ní ilé ìtọ́jú kọ̀ọ̀kan, kí ìjọba lè mọ ibi tí wọn yóò pín àwọn ọmọ tó ń jáde nílé ẹ̀kọ́ sí fún ọdún márùn-ún tó ń bọ̀. Ẹ ò rí i pé oore ni? Oore wá bá wa dé ẹnu ọ̀nà, àwa la ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn! Délégué tó jẹ́ olórí abúlé wa pè wá jọ lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Ó ní, “Ẹ gbọ́ o. Bá a bá ní a ò ní sáàsì-fáàmù, a ò ní agbẹ̀bí, wọ́n á ní kí la wá ń fi bẹ́ẹ̀dì ṣe? Wọ́n á kó o lọ ibòmíì. Mẹ̀, a kì í fọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni.” Gbogbo wọn bá yíjú sí mi. Èmi nìkan ni bùlúùsì náà bá lára mu.

Ohun kan tún wà níbẹ̀. Ní ọ̀dọ̀ wa, bí àlejò bá béèrè pé ṣé ẹ pé, kò sí ẹni tó ń dáhùn pé a dín. Bí ẹnìkan tilẹ̀ ń ṣàìsàn nínú yàrá, “a pé, a ò dín” la máa wí, torí ẹni tó bá ní òun dín, ó ń pe òmíràn ni. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe tọ́ wa. Àdúrà ni. Àmọ́ kì í ṣe àdúrà ni àwọn tó gbé ìwé wá fẹ́ kó lọ.

Ọ̀dọ́mọbìnrin kan ló wá, ọmọ Kétu, tó mú kàyé, ìwé ńlá kan, dání. Ó rẹ̀ ẹ́, eruku ti bo bàtà rẹ̀. Májò pe orúkọ mi, ìyẹn orúkọ Tántì Kolẹ́tì, mo sì dáhùn. Mo ti wọ bùlúùsì náà. Ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, “Kámárádì, ṣé ẹ pé?”

Mo ní, “A pé, kámárádì. A ò dín.”

Ó ní, “Ó dáa o. Ọmọ Banigbé kan wà tó fẹ́ parí ẹ̀kọ́ agbẹ̀bí, ibí ni mo fẹ́ kọ ọ́ sí, kó lè súnmọ́ ìyá rẹ̀. Dakọ́ọ̀, ó ti yé mi, tí ẹ bá ti pé, ẹ jẹ́ ká gbé e lọ sókè ní àríwá, àwọn yẹn ò ní agbẹ̀bí rárá.” Ó fi bíírò fa ìlà sórí àyè agbẹ̀bí tiwa nínú kàyé. Mo rí i. Mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn obìnrin kó ọsàn fún un dání lọ.

Ìgbà tí ọ̀nà Ìdírókò ṣì wà ní ṣíṣí, ẹrù náà ṣe é gbé. Bí ìbí bá le, a máa ń gbé obìnrin náà kọjá ní Igolo. Lẹ́yìn náà ni Nàìjíríà ti bodè pa, ó wá ku èmi àti ọwọ́ mi. Díẹ̀díẹ̀ ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í wọ bùlúùsì náà ṣiṣẹ́, torí ọkàn àwọn aboyún a máa balẹ̀ bí wọ́n bá rí i. Ṣé irọ́ ni mo ń pa ni, àbí ìrànlọ́wọ́ ni mò ń ṣe? N kò mọ̀ nígbà náà.

Àbẹ̀kẹ́ ìyàwó Sálù ló jẹ́ kí n mọ̀. Ará oko ni Sálù, kò sí níbi ìpàdé Délégué. Bùlúùsì ló rí, agbẹ̀bí ló sì ń pè mí. Ó gbé ìyàwó rẹ̀ dé láàárọ̀. Ọmọ wáyé lọ́sàn-án, ọkùnrin, ó ké dáadáa. Ibi ọmọ kò jáde. Ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Mo ti rí Tántì Kolẹ́tì tó ń tọ́jú irú ẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mejì, àmọ́ abọ́ ni mo gbé dání, mo sì yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ torí ẹ̀jẹ̀ náà pọ̀. Mo yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́! Májò ti lọ fún àwọn ọmọdé lábẹ́rẹ́ ní abúlé kejì. Kí wọ́n tó rí bàṣé, mọ́tò akẹ́rù kékeré, tó lè gbé wa lọ sí Porto-Novo, ọjọ́ ti rọ̀. Àbẹ̀kẹ́ di ọwọ́ mi mú, ó ní, “Ìyá, ẹ má fi mí sílẹ̀.” Mo ní n kò ní fi í sílẹ̀. A kò tíì dé ọ̀nà ọ̀dà tí ọwọ́ rẹ̀ fi dẹ̀ nínú tèmi. Ní ọjọ́ kẹjọ, Sálù gbé gàrí wá fún mi, ó dọ̀bálẹ̀, ó ní òun wá dúpẹ́ pé mo gbìyànjú. Mo gba gàrí náà.

Ó ti lé lọ́dún kan báyìí. Ramátù ọmọ mi ti lóyún àkọ́bí rẹ̀, ó sì ti wọ oṣù kẹjọ. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni mo fọwọ́ wo ikùn rẹ̀. Àgbọn náà wà lókè, lábẹ́ ìhà. Mo tún wò ó. Òkè náà ló wà. Ìdí ọmọ ló kọjú sí ayé. Mo fa aṣọ bo ikùn rẹ̀, mo sì sọ fún ọmọ mi pé kò sí nǹkan kan. Lọ́jọ́ kejì ni mo di ẹrù rẹ̀, kó lè lọ máa gbé lọ́dọ̀ àbúrò mi ní Porto-Novo, nítòsí ilé ìwòsàn ńlá. Mo yan àárọ̀ kùtùkùtù kí èèyàn má baà rí wa.

Ibi tí a ti ń dúró de bàṣé ni Sálù ti bá wa, ó gbé ọmọ Àbẹ̀kẹ́ lé èjìká. Ó kí wa, ó ní, “Ìyá, níbo lẹ ń mú Ramátù lọ?”

Mo ní, “Ìlú. Ibẹ̀ ló fẹ́ bímọ sí.”

Ó bú sẹ́rìn-ín. “Ìlú kẹ̀? Nígbà tí ìyá rẹ̀ jẹ́ agbẹ̀bí, ta ló tún kù tó fẹ́ gbẹ̀bí ẹ̀?”

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í tún ẹrù Ramátù dì. Mo ń wo ilẹ̀. Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. Ó wo ikùn Ramátù, ó wo ẹrù, ó wo èmi. Ó sọ ọmọ náà kalẹ̀ láti èjìká, ó gbá a mọ́ àyà, ó sì bá ọ̀nà tirẹ̀ lọ láìdágbére. Àtọjọ́ náà ni n kò ti sùn dáadáa mọ́.

Májò ní kí n má dààmú, kí n wọ bùlúùsì, kí n dáhùn bí mo ṣe dáhùn tẹ́lẹ̀. Ó lóun lọ́mọ méje. Bí mo bá sọ òtítọ́, wọ́n á bi mí pé ta ló jẹ́ orúkọ náà níjọ́sí. Wọ́n lè mú mi lọ, wọ́n lè mú òun náà. Bí Ramátù bá sì bí i tán, ta ni yóò wẹ ọmọ fún un? Bí mo bá dákẹ́ ńkọ́? Wọ́n á tún fa ìlà sí i, ó di ọdún márùn-ún mìíràn. Wọ́n ní a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, ṣùgbọ́n mo ti kà wọ́n: aboyún márùn-ún ló wà ní abúlé wa lónìí. Wọn kò ní àbúrò ní Porto-Novo. Bí wọ́n bá rí mi, wọ́n ń kúnlẹ̀ kí mi.

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Ẹ̀yin tí wọ́n bá wá ka ilé tiyín, ẹ má torí ìtìjú tàbí ìbẹ̀rù sọ pé ẹ pé nígbà tí ẹ kò pé. Àyè tó ṣófo tí ẹ bá fi aṣọ bò, ẹnìkan ni yóò jìn sí i.

Lọ́jọ́ Ajé tó kọjá, n kò fọ bùlúùsì náà. Ìyàwó Délégué dúró lójú títì, ó ké sí mi pé, “Màmá Ramátù, kí ló dé tí okùn yín ṣófo?” Mo purọ́ pé ọṣẹ ló tán. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kò pẹ́. Bí ọmọbìnrin náà bá tún dé pẹ̀lú kàyé rẹ̀, tó rẹ́rìn-ín sí mi, tó tún bi mí pé ṣé a pé, tí Sálù sì dúró láàárín èrò tó ń wò mí, kí ni kí n dáhùn?